Ọmọ ní Montréal, kọ̀ǹpútà ní Kétu

Ó ṣọ̀wọ́n lónìí kí a rí agbo-ilé kan ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pobè tàbí ní Àjàṣẹ́ tí kò ní ọmọ ní ìdálẹ̀. Ọ̀kan wà ní Kùtọ̀nú, òmíràn wà ní Lomé, òmíràn sì ti rékọjá òkun lọ sí Paris tàbí Montréal. Owó ni àwọn ọmọ wọ̀nyí kọ́kọ́ máa ń fi ránṣẹ́ sílé. Lẹ́yìn owó ni fóònù, lẹ́yìn fóònù ni kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í ṣe àpò ìrẹsì tí a óò gbé kalẹ̀ kí a sì yíjú sí nǹkan mìíràn. Ó ń fẹ́ ìtọ́jú, ẹni tí ó sì mọ ìtọ́jú rẹ̀ nínú ẹbí ni ó sábà máa ń jìnnà sílé jù lọ.

Ọ̀nà wà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbà jókòó sí òkèèrè kí ó máa darí kọ̀ǹpútà òbí rẹ̀ bí ẹni pé ó wà níwájú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀ ọ́n ní orúkọ Faransé rẹ̀, prise en main à distance. Ohun tí a kì í sábà kọ nípa rẹ̀ ni pé ọ̀nà náà máa ń dí, àti pé ohun tí ń dí i ní ilé wa yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí àwọn ìwé ìtọ́sọ́nà tí a kọ ní Yúróòpù ń wí.

Ilé kan ní Kétu ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. A kò ní dárúkọ àwọn onílé, nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Bàbá ilé náà jẹ́ olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀: oríkì orílẹ̀, ìtàn bí ìdílé kọ̀ọ̀kan ṣe dé ìlú, orin àwọn ìyá arúgbó tí púpọ̀ nínú wọn kò sí láyé mọ́. Gbogbo rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan ṣoṣo nínú yàrá rẹ̀. Ẹ̀dà kejì kò sí níbikíbi. Nígbà tí ó yá, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún ká-ká-ká, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi èékánná kan pákó. Ẹni tí ó bá mọ tinú kọ̀ǹpútà mọ ohun tí ìró yẹn ń wí: dísíìkì tí gbogbo iṣẹ́ Bàbá wà lórí rẹ̀ ti fẹ́ kú. Ó lè lo oṣù mẹ́ta sí i; ó sì lè má rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Ọmọ Bàbá tí ó mọ iṣẹ́ yìí wà ní Montréal, níbi tí aago ti wà lẹ́yìn ti Kétu ní wákàtí 6 nígbà òtútù àti wákàtí 5 nígbà ooru. Àwọn tí ó wà nílé ni Bàbá fúnra rẹ̀, Ìyá, àti ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún 14, tí ó ń lọ sí collège. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ kò dé ilé, ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ sì dé ibẹ̀ kò tíì mọ iṣẹ́.

Ẹnubodè tí ń ṣí síta nìkan

Ẹni tí ó bá ti dé Kétu mọ Akaba Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tí àlejò ń gbà kọjá nígbà tí yàrà àti odi ṣì yí ìlú ká. Íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń lò nílé ní irú ẹnubodè bẹ́ẹ̀. Àdírẹ́sì irú ti àtijọ́ tí a fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀, èyí tí a ń pè ní IPv4, kò ju bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ ní gbogbo ayé, àwọn ẹ̀rọ tí ń wá àdírẹ́sì sì ti pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣe ń kó oníbàárà púpọ̀ sábẹ́ àdírẹ́sì kan, bí agbo-ilé ńlá tí ó ní ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó wà nínú lè jáde lọ sọ́jà kí ó sì padà wálé. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá ti ìta dé, tí ó ní kọ̀ǹpútà Bàbá ni òun ń béèrè, aṣọ́bodè kò mọ yàrá tí yóò tọ́ka sí. Yóò dá a padà.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ ṣí ojú-ewé tí a fi ń tún módẹ́ẹ̀mù yín tò, ẹ wo àdírẹ́sì tí ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù fún un. Bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá wà láàárín 100.64 àti 100.127, inú agbo-ilé ńlá ni ẹ wà. Gbogbo ìmọ̀ràn pé kí ẹ lu ihò sára módẹ́ẹ̀mù kí àlejò lè wọlé, òfo ni lọ́dọ̀ yín. Níbi tí ó bá tilẹ̀ ti ṣeé ṣe, àwa kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀, nítorí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lọ láti ihò dé ihò tọ̀sán-tòru, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn wò.

Ìdínà kejì wà nínú Windows fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń rà fún ilé ni ó ní Windows Famille. Ètò Bureau à distance tí ó wà nínú rẹ̀ lè lọ kí ẹlòmíràn nílé, ṣùgbọ́n kò lè gba àlejò. Windows Pro ni ó ń gba àlejò. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti fi gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ wá bọ́tìnnì kan tí kò sí nínú ẹ̀rọ òbí wọn rárá.

Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ ni kí àwọn méjèèjì jáde kúrò nílé kí wọ́n sì pàdé lọ́jà. Báyìí ni AnyDesk, TeamViewer, RustDesk àti Chrome Remote Desktop ṣe ń ṣe é: kọ̀ǹpútà Kétu jáde lọ bá ẹ̀rọ ńlá kan tí ó dúró sí ojúde íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà Montréal náà jáde lọ bá a, ẹ̀rọ ńlá náà sì fi wọ́n mọ ara wọn. Nínú Windows 10 àti 11, ọ̀kan wà tí kò ná ènìyàn ní ohunkóhun, tí a ń pè ní Assistance rapide. Bí a bá tẹ Ctrl, bọ́tìnnì Windows àti Q pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò ṣí. Ẹni tí yóò ṣèrànwọ́ gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì Microsoft. Ẹni tí a fẹ́ ràn lọ́wọ́ kò nílò rẹ̀, kóòdù tí a bá kà fún un nìkan ni yóò tẹ̀. Èyí ni ẹbí Kétu yìí yàn, a sì rò pé wọ́n yàn án dáadáa.

Fóònù Bàbá

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n so pọ̀. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin, okùn já. Wọ́n tún un so, ó tún já. Nígbà mìíràn ó máa ń tó ogún ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn kì í tó méjì. Ọmọ tí ó wà ní Montréal yí gbogbo ohun tí ó ṣeé yí padà nínú ètò náà. Ọmọbìnrin kékeré ni ó ṣàkíyèsí ohun tí ń ṣẹlẹ̀: “Tonton, ìgbàkígbà tí ẹnìkan bá ti pe Bàbá ni ó ń já.”

Ohun tí ó rí yìí ni olórí ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ilé tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn ju ti fóònù lọ. Fóònù Bàbá ni ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù àti ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, 4G kì í gbé ìpè lásán. Bí ìpè bá wọlé, fóònù yóò sọ̀ kalẹ̀ sí 3G tàbí 2G kí ó lè gbé ohùn, íntánẹ́ẹ̀tì yóò sì fà tàbí kí ó dúró pátápátá títí ìpè yóò fi parí. Níbi tí VoLTE bá wà, tí fóònù náà sì mọ̀ ọ́n lò, kò sí wàhálà yìí. Bàbá wá jẹ́ ẹni tí ìlú mọ̀, olùkọ́ tí ó kọ́ ìdajì àdúgbò ní ìwé kíkà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìkómọ wà, ìsìnkú wà, ìpàdé ẹgbẹ́ wà. Gbogbo ènìyàn ní ń pè é. Bí ọmọ rẹ̀ náà kò bá sì rí i lórí kọ̀ǹpútà mọ́, nọ́ńbà yẹn kan náà ni yóò pè láti béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn, Bàbá yóò dìde, yóò fi fóònù sí àpò agbádá, yóò sì jáde sí abẹ́ igi níwájú ilé. Íntánẹ́ẹ̀tì bá a jáde.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Wọ́n ra módẹ́ẹ̀mù kékeré kan, wọ́n fi káàdì SIM tirẹ̀ sínú rẹ̀, nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ débi tí yóò pè é. Kí módẹ́ẹ̀mù tó dé, fóònù Ìyá, tí ó jẹ́ fóònù kékeré onítẹ̀, ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì ní kí ti Bàbá dúró lórí tábìlì. Bàbá fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ ọn.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ojú kọ̀ǹpútà tí ń rìn lọ sí òkèèrè ń jẹ mẹ́gà. Ẹ dín bí àwòrán ṣe mọ́ kù nínú ètò náà, kí ẹ sì sọ fún Windows pé connexion limitée ni ìsopọ̀ yìí, kí ó má baà máa fa àwọn àtúnṣe ńláńlá wọlé nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́. Owó tí a fi ra mẹ́gà fún oṣù kan lè tán síbẹ̀ ní alẹ́ kan.

“Kà á sókè ná”

Nígbà tí okùn kò já mọ́, ọ̀rọ̀ aṣínà ni ó kàn. Bàbá sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́. Bàbá tún un sọ lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì bí ẹni tí ń pe dictée, kọ̀ǹpútà tún kọ̀. Pátákó tí a fi ń tẹ̀wé ní Kétu jẹ́ AZERTY, bí ó ti rí ní gbogbo orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ti Québec jẹ́ QWERTY. Ètò ìdarí lè ránṣẹ́ ibi tí ìka tẹ̀ láìka lẹ́tà tí a kọ sí i lórí sí: ẹni tí ó tẹ A ní Montréal ń tẹ Q ní Kétu, ẹni tí ó tẹ W ń tẹ Z, nọ́ńbà a sì di àmì. Lójú ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́, ìràwọ̀ dúdú nìkan ni ó ń rí. Ẹ tẹ àwòrán ojú tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà kí ẹ lè rí ohun tí ẹ kọ, tàbí, èyí tí ó dára jù, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó wà nílé tẹ̀ ẹ́. A sì bẹ ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn èdè wa gidigidi: ẹ má fi àmì ohùn sínú ọ̀rọ̀ aṣínà. Kò sí ibi tí yóò ti ṣe yín láǹfààní.

Lẹ́yìn èyí ni dúdú dé. Nígbàkígbà tí Windows bá fẹ́ béèrè àṣẹ kí ètò kan tó yí nǹkan padà, ó máa ń gbé ìbéèrè náà sí ibi tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò lè dé. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, dúdú gbuurugbu ni ẹni tí ó wà lókèèrè yóò rí.

“Gbogbo rẹ̀ ti dúdú lójú mi,” ni ọmọ Montréal wí.

“Kò dúdú níbí, Tonton. Ó ń béèrè Oui tàbí Non. Ṣé kí n tẹ Oui?”

“Má tíì tẹ nǹkan kan,” ni Bàbá wí láti orí àga rẹ̀. “Kà á sókè ná.”

Ọmọ náà kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orúkọ ètò náà àti ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, kí ó tó tẹ Oui. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi í ṣe òfin nínú ilé. Lójú tiwa, àṣà olùkọ́ àgbà yìí ṣe pàtàkì ju ètò èyíkéyìí tí a lè rà lọ, nítorí ohun tí àwọn ọlọ́ṣà ń fẹ́ ni kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́ láìkà á.

Ta ni ó kàn ilẹ̀kùn?

A gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níbí. Ètò kan náà tí ọmọ fi ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ni ọlọ́ṣà ń lò. Yóò pe fóònù, yóò ní láti báńkì ni òun ti ń pè, tàbí láti Microsoft. Yóò ní kòkòrò ti wọ kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ fi AnyDesk sí i, kí ẹ sì ka nọ́ńbà tí ẹ rí fún òun. Ẹni tí ó bá ka nọ́ńbà náà, tí ó sì tẹ̀ pé òun gbà, ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé àjèjì lọ́wọ́. Báńkì kì í béèrè irú rẹ̀. Microsoft kì í pe ènìyàn nílé láìjẹ́ pé ẹni náà kọ́kọ́ pè é. Òfin Bẹ̀nẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì, Code du numérique, ìyẹn òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ka wíwọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgba àṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kì í dá owó tí ó ti lọ padà ní kíá.

Ní ilé Kétu yìí, wọ́n ṣe àdéhùn. Ohùn ni yóò kọ́kọ́ dé kí kóòdù tó dé: ọmọ yóò pè, Bàbá yóò sì ní kí ó kí òun bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nínú ẹbí náà. Ẹnìkan nínú wọn ní kí wọ́n lo oríkì ìdílé. Àbá dáadáa ni, ṣùgbọ́n oríkì ìdílé ńlá, ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Kétu? Ọ̀rọ̀ kékeré kan tí ó ti inú ilé wá ni wọ́n mú nígbẹ̀yìn, a kò sì béèrè ohun tí ó jẹ́.

Ọ̀wọ̀ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bàbá kò fẹ́ràn kí ó máa rí èkúté orí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí ń rìn fúnra rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà sọ fún un ní bòókẹ́lẹ́ wà níbẹ̀. A mọ àwọn ọmọ tí wọ́n fi ètò tí ń ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo sí ẹ̀rọ òbí wọn, tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde láìké àgò. Ó rọrùn fún ọmọ, àwa kò fọwọ́ sí i. Bí ó bá di dandan, kí onílé mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kí ó sì mọ bọ́tìnnì tí òun lè tẹ̀ láti lé ọmọ rẹ̀ jáde.

Ọdún tí ó padà sẹ́yìn

Ó ku ọjọ́ kan kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da iṣẹ́ Bàbá kọ, iná lọ. Nígbà tí ó dé, kọ̀ǹpútà tàn, módẹ́ẹ̀mù tàn, íntánẹ́ẹ̀tì wà lórí fóònù gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ojú-ewé kan tí ó fẹ́ ṣí lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo rẹ̀ ní ìsopọ̀ náà kò ní ààbò. Assistance rapide náà kọ̀. Ọmọ Montréal kò béèrè nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ó ní kí ọmọbìnrin náà ka fún òun ni ọjọ́ tí ó wà ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó kà á: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ọdún 2012.

Bátìrì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ó rí pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, CR2032 ni a kọ sí i lára, fólítì mẹ́ta ni agbára rẹ̀. Òun ni ó ń jẹ́ kí aago máa rìn nígbà tí iná kò bá sí. Bí ó bá ti kú, kọ̀ǹpútà yóò gbàgbé ọjọ́. Àwọn ìwé ẹ̀rí tí ojú-ewé ààbò fi ń sọ ẹni tí wọ́n jẹ́ sì ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí. Lójú ẹ̀rọ tí ó gbà pé ọdún 2012 ni a wà, a kò tíì kọ ìwé ẹ̀rí kankan nínú wọn. Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ tún ọjọ́ àti wákàtí ṣe, gbogbo rẹ̀ ṣí. Wọ́n ra bátìrì lọ́jọ́ kejì. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àìsàn tí ó wọ́pọ̀ jù ní ibi tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀, ẹni tí ó wà lókèèrè kò sì lè wò ó sàn láìsí ẹni tí yóò ka ọjọ́ fún un.

Ẹ̀dà

Ìró ká-ká-ká náà ti ń pọ̀ sí i. Àwọn ohùn tí Bàbá gbà sílẹ̀ tó gígà 40. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń gbé mégabit 2 jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò gbà tó wákàtí 44 láìsinmi kí ó tó dé Montréal, kò sì sí alẹ́ méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn tí iná kì í lọ. Ọmọ Bàbá obìnrin tí ó wà ní Kùtọ̀nú ra dísíìkì àjèjì kan, ó fi rán awakọ̀ tí wọ́n mọ̀, ó sì dé Kétu ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Dísíìkì tí ó ń kú kò fẹ́ ariwo. Ọmọ Montréal kò jẹ́ kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà kí wọ́n tún un tàn, kò jẹ́ kí ètò apakòkòrò wá inú rẹ̀ kiri, kò sì jẹ́ kí Windows yẹ̀ ẹ́ wò. Ó béèrè lọ́wọ́ Bàbá àwọn tí kò ṣeé tún gbà mọ́. Bàbá dárúkọ àwọn olóògbé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ́kọ́ da tiwọn kọ. Robocopy ni wọ́n lò, ètò tí ó wà nínú Windows tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ fún un iye ìgbà tí yóò gbìyànjú, yóò padà sórí fáìlì tí kò ṣeé kà ní ìgbà 1.000.000, yóò sì dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì máa lọ: /r:1 /w:1.

Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Bàbá kò sùn. Orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ń kọjá lójú kọ̀ǹpútà, ó sì ń kà á sókè, ó ń sọ ilé tí ẹni náà ti wá àti ẹni tí ó bí i. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ó parí. Fáìlì mẹ́ta kò ṣeé kà. Méjì nínú wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìpàdé tí Bàbá ní kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀kẹta jẹ́ orin ìyá arúgbó kan ní ẹ̀yìn Idigny, ó sì ṣì wà láàyè. Bàbá ní lọ́jọ́ Ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀, òun yóò gun ọ̀kadà lọ bá a, kí ọmọbìnrin náà bá òun gbé fóònù dání.

Ní báyìí, ẹ̀dà kan wà ní Kétu, òmíràn wà ní Kùtọ̀nú. Ti Montréal ń lọ díẹ̀díẹ̀ ní òru, fáìlì mẹ́wàá, fáìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, nígbà tí iná bá wà. Nígbà tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ti dé lẹ́tà K.